Táyà Ọ̀kadà Tó Jò ní Ilẹ̀ Omi Ìlàjẹ: Ohun Tí Síláǹtì Lè Ṣe àti Ohun Tí Kò Lè Ṣe

Ọlọ́kadà tó ń ná Òkìtìpupa sí Igbókòdá kì í ní wàhálà púpọ̀ bí táyà rẹ̀ bá jò. Kò ní tì í jìnnà kó tó kan fọ́kànáísà tó jókòó sábẹ́ àtíbàbà pẹ̀lú ẹ̀rọ ìfẹ́ táyà àti ọpọ́n omi tó fi ń wá ojú ibi tó ń jò. Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá ti kọjá Igbókòdá tó dorí kọ Ùgbónlà, tàbí tó gba Atijẹ́rẹ̀ lọ sí Ararọ̀mí létí òkun, nǹkan yí padà nìyẹn. Ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra wọn, iyanrìn á gba ojú ọ̀nà, àbàtà á wà lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tó gbé ìyá ẹlẹ́ja pẹ̀lú agbọ̀n ẹja tútù sẹ́yìn kò lè máa ti ọ̀kadà nínú iyanrìn fún wákàtí méjì. Oòrùn á ti ba ọjà ìyá jẹ́ kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ń lọ.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kí gbogbo ẹni tó ń gun ọ̀kadà létíkun mọ̀ nípa síláǹtì, ìyẹn oje tí wọ́n ń dà sínú táyà kó lè máa dí ihò fúnra rẹ̀. Ohun tó dára ni, ó sì ti yọ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú ọ̀nà tí kò sí ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n wọ́n ń tà á bí ẹni ń ta gbogboǹṣe, kì í sì í ṣe gbogboǹṣe. Irú ihò kan wà tí yóò dí dáadáa. Irú kan wà tí yóò dí títí ẹ ó fi délé. Irú kan sì wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá da odindi ìgò sí i, kò sí ohun tí yóò ṣe ju pé kó sọ iṣẹ́ ẹni tó fẹ́ lẹ túùbù náà di ìlọ́po méjì. Nílẹ̀ Ìlàjẹ, níbi tí iyọ̀ òkun ti ń jẹ irin tọ̀sán-tòru, irú kẹta yìí pọ̀ ju bí àwọn tó ń tà á ṣe ń sọ lọ. Ẹni tó bá mọ ihò dá kó tó ṣí ìgò ni owó rẹ̀ kò ní ṣòfò.

Ohun tó wà nínú ìgò

Oríṣi méjì ló wà lọ́jà. Èkíní jẹ́ oje tó ki, tó sábà máa ń ní àwọ̀ ewé, tí wọ́n po fọ́nrán tín-ín-tìn-ìn-tín àti ẹ̀rún rọ́bà mọ́. Bí táyà ṣe ń yí, eré rẹ̀ á ju oje náà sí apá ibi tí túùbù ti dojú kọ ilẹ̀, á sì máa ṣàn yí ká níbẹ̀. Tí ìṣó bá lu túùbù, afẹ́fẹ́ tó ń sá jáde á gbá oje náà dání lọ sẹ́nu ihò, fọ́nrán àti ẹ̀rún rọ́bà á há síbẹ̀, wọn á wé mọ́ra wọn, afẹ́fẹ́ ò sì ní rọ́nà gbà mọ́. Oje yìí kì í tètè gbẹ, torí pé ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n fi pò ó bá èyí tí wọ́n ń dà sínú rédíétọ̀ mọ́tò tan. Èyí ni èèyàn lè dà sínú táyà kó tó jò rárá, kó sì máa gùn ún lọ.

Èkejì ni èyí tó wà nínú agolo tí wọ́n ti fún gáàsì sí, irú agolo tí wọ́n fi ń ta oògùn ẹ̀fọn. Ẹ ó so ẹnu rẹ̀ mọ́ fáàfù, ẹ ó tẹ orí rẹ̀, gáàsì á gbé oje wọlé, á sì gbé táyà dìde díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Oje rọ́bà ló sábà máa ń wà nínú tiẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń gbà lára igi ní oko rọ́bà Ararọ̀mí-Ọ̀bu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó tó múlé ti Ìkálẹ̀. Ẹni tó bá ti rí igi rọ́bà tí wọ́n fi ọ̀bẹ há lára mọ bí oje funfun yẹn ṣe ń dì sójú ọgbẹ́ tí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n rán an nínú táyà. Amóníà ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ kó má baà dì kó tó débi iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí agolo fi ní ọjọ́ tí agbára rẹ̀ ń tán. Èyí tó bá ti pẹ́ jù lórí àtẹ nínú oòrùn, gáàsì lásán ló máa tú síta nígbà tí ẹ bá nílò rẹ̀. Ẹ yí ìdí rẹ̀ sókè, kí ẹ ka ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ tó sanwó.

Túùbù ló wà nínú ti yín

Bájáájì Boxer ló kún ojú pópó Igbókòdá. Onísípóòkù ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, túùbù ni wọ́n sì ń lò, 2.75-17 níwájú, 3.00-17 lẹ́yìn. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì nípa ti yín, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà, wọ́n á ti kọ TUBE TYPE tàbí TUBELESS síbẹ̀. Ẹ má fojú kéré ọ̀rọ̀ yìí, torí ìlérí tó tóbi jù tó wà lára ìgò síláǹtì, táyà tí kò ní túùbù ni wọ́n ń bá wí.

Nínú táyà tí kò ní túùbù, ara táyà fúnra rẹ̀ ló di afẹ́fẹ́ mú. Bí ìṣó bá wọ̀ ọ́, rọ́bà tó nípọn yẹn á fún ìṣó náà mọ́ra, afẹ́fẹ́ á máa yọ́ jò díẹ̀díẹ̀, ẹ tilẹ̀ lè gùn ún délé láìmọ̀. Ti túùbù kò rí bẹ́ẹ̀. Rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fẹ́ títí tó fi le ni. Bí ihò bá ti lu ú, afẹ́fẹ́ á bọ́ sáàárín túùbù àti táyà, á gba ojú ihò sípóòkù àti ẹsẹ̀ fáàfù jáde, kò sí ohun tó dá a dúró. Kò ní pẹ́ tí táyà á fi palẹ̀. Bí ẹ bá wá ń gùn ún lọ bẹ́ẹ̀, túùbù á máa wọ́ nínú táyà, ìṣó tó ṣì wà níbẹ̀ á máa fa ihò náà ya. Ihò tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ á di ìlà tó gùn tó ìka. Kò sí síláǹtì tó ń dí ìlà.

Nítorí náà, ìgbésẹ̀ tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí kò ní í ṣe pẹ̀lú ìgò rárá: ní kété tí ìdí ọ̀kadà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì bí ẹni tó ń jó, tàbí tí ọwọ́ rẹ̀ bá wúwo láti yí, ẹ dúró. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ kúrò nínú iyanrìn yìí ná, tàbí pé ilé kan wà níwájú. Mítà igba tí ẹ bá gùn lórí táyà tó ti palẹ̀ lè ba túùbù tí síláǹtì ì bá yọ.

Síláǹtì tí wọ́n ṣe fún túùbù sábà máa ń sọ pé ihò tó fẹ̀ tó mílímítà 3 ni agbára òun mọ. Ti táyà tí kò ní túùbù lè dé mílímítà 6. Ìṣó oní-ínǹṣì 2 tí káfíńtà ń lò kò fi bẹ́ẹ̀ ju mílímítà 3 yẹn lọ, síláǹtì lè bá a wọ̀jà. Ìṣó oní-ínǹṣì 4 tí wọ́n fi ń kan ìdí ọkọ̀ àti afárá pákó ti kọjá agbára rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń rà á, ẹ wá èyí tó sọ ní gbangba pé ti túùbù lòun.

Ihò kan yàtọ̀ sí ìkejì

Fọ́kànáísà á fi túùbù sómi, á sì rí i tó ń hó. Lójú ọ̀nà, tí ẹ kò tíì tú táyà, omi lè tan yín jẹ. Bí ẹ bá da píọ́ wọ́tà sára rímù tí ẹ rí i tó ń hó lójú sípóòkù kan, ìyẹn kò túmọ̀ sí pé ibẹ̀ ni ihò wà. Mo ti sọ ọ́ lókè pé ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti rọ́nà ló ń gbà jáde. Ohun mìíràn lẹ máa fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ gbé ọ̀kadà sórí ìdúró ńlá rẹ̀, kí ẹ rọra yí táyà náà, kí ẹ sì fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú àkísà. Tí ẹ bá rí orí ìṣó, wáyà tàbí ẹ̀gún ọ̀pẹ ní àárín ibi tó ń tẹlẹ̀, inú yín lè dùn. Irú ihò tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe síláǹtì nìyẹn. Ní ilẹ̀ omi, ìṣó ló pọ̀ jù. Pákó ni ilé, pákó ni afárá, pákó ni ọkọ̀, bí pákó bá sì jẹrà tán, ìṣó inú rẹ̀ kì í jẹrà bẹ́ẹ̀. Omi á gbé e wá sétí ọ̀nà, iyanrìn á bò ó. Ẹ̀gún ẹja àrọ̀ náà ń gún táyà tó bá ti gbó, pàápàá níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Òun náà kò ju agbára síláǹtì lọ. Ìkarahun tó bá ṣẹ́ ló burú, torí pé ńṣe ló ń gé nǹkan. Bí ẹ bá rí ojú tí ìkarahun là sára táyà, tí ẹ lè rí fọ́nrán inú rẹ̀, ẹ gbàgbé síláǹtì, ẹ wá táyà mìíràn.

Tí ẹ kò bá rí ohunkóhun lójú táyà, ẹ bi ara yín léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó jò. Àwọn tó ń gun etíkun mọ̀ pé táyà tó le kì í rìn nínú iyanrìn, ó máa ń rì. Wọ́n á tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ díẹ̀ kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọgbọ́n tó dára ni nínú iyanrìn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bọ́ sójú ọ̀dà tàbí orí afárá láìtún un fẹ́, etí kọ́ńkéré tàbí etí pákó á tẹ táyà rọ̀ títí rímù á fi gé túùbù lójú méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, bí ìgbà tí ejò bá buni ṣán. Síláǹtì kì í dí èyí. Ihò náà gùn, ẹ̀gbẹ́ ló sì wà, níbi tí oje kì í fi bẹ́ẹ̀ dé.

Tàbí kí ẹ wo fáàfù. Ó yẹ kó dúró gangan. Tó bá ti ṣẹ́rí sápá kan, táyà ti yọ̀ lórí rímù, ó sì ti wọ́ túùbù dání, ìdí fáàfù ló ya. Afẹ́fẹ́ tó kéré nínú iyanrìn ló ń fa ìyẹn náà, pàápàá lẹ́yìn, níbi tí ẹ́ńjìnì ti ń fà á tí ẹrù sì ń tẹ̀ ẹ́. Túùbù tuntun nìkan ni ọ̀nà àbáyọ. Ṣùgbọ́n tí fáàfù bá dúró dáadáa, ẹ fi itọ́ sẹ́nu rẹ̀. Tó bá ń hó, píìnì inú rẹ̀ ló dẹ̀ tàbí tí iyanrìn ti wọ̀ ọ́. Ẹ mú un le, tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ó parí. Ó dùn mí láti máa rí àwọn tó da síláǹtì sínú túùbù tí kò ní ihò kankan, tó jẹ́ pé píìnì ni wọ́n ì bá fún le, kí wọ́n sì fi ìdérí rọ́bà bo ẹnu rẹ̀. Nínú iyanrìn etíkun, ọ̀kadà tí kò ní ìdérí fáàfù ń wá wàhálà.

Èyí tó kù ni ti ìpẹtà, òun sì ni mo fẹ́ kí ẹ gbé yẹ̀wò jù. Ẹ gùn ún délé láyọ̀, ẹ sùn, ẹ jí, táyà ti palẹ̀. Kò sí ìṣó, kò sí afárá tí ẹ gbá. Ẹ wo orí sípóòkù níbi tó ti wọnú rímù. Bí ó bá pọ́n, tí ìpẹtà ń jábọ́ tí ẹ bá fi ìka fá a, ó ṣeé ṣe kí inú rímù náà ti rí bẹ́ẹ̀. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó yẹ kó dì mọ́ àárín rímù láti dáàbò bo túùbù lọ́wọ́ orí sípóòkù. Omi iyọ̀ máa ń gba ojú ihò sípóòkù wọlé, á dúró sábẹ́ rọ́bà yẹn, irin á máa wú, ìpẹtà á sì gún rọ́bà náà lu. Láti inú ni ihò ti wá, lápá ọ̀dọ̀ rímù. Eré táyà sì ń ju síláǹtì síta, síhà ilẹ̀, kò ní í dé ibẹ̀. Bí ẹ bá fi póm̀pù fẹ́ ẹ, á dúró díẹ̀, á tún palẹ̀, ẹ ó máa rò pé síláǹtì ayédèrú ni wọ́n tà fún yín.

Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí ẹ tú táyà, kí ẹ fi pépà ayùn ha inú rímù títí á fi dán, kí ẹ fi fáìlì gé orí sípóòkù tó bá yọ síta, kí ẹ kun ún lọ́dà, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ sì fi rọ́bà tuntun yí i. Tí kò bá sí rọ́bà tuntun, fọ́kànáísà lè gé túùbù àtijọ́ ṣe é, kó lu ihò fáàfù sí i, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Lẹ́yìn tí ẹ bá gun etí òkun tán lọ́jọ́ kan, ẹ fi omi òjò tàbí omi kànga tí kò níyọ̀ ṣan rímù àti sípóòkù kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Gáálọ́ọ̀nù omi kan péré ni. Mi ò mọ ohun mìíràn tí èèyàn lè fi owó tí kò tó nǹkan ṣe fún ọ̀kadà nílẹ̀ yìí tó tún ṣe é láǹfààní tó bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa dà á

Tí ẹ bá fẹ́ da èyí tó wà nínú ìgò sínú táyà tí kò tíì jò, ẹ rí i pé túùbù náà ṣì lágbára. Túùbù tí wọ́n ti lẹ̀ lójú mẹ́rin kò yẹ lẹ́ni tí ẹ ń fi síláǹtì kẹ́. Ẹ gbé ọ̀kadà dúró, kí ẹ yí táyà títí fáàfù á fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, sókè díẹ̀, kó má wà nísàlẹ̀, kí oje má baà máa ṣàn padà wá dí ẹnu rẹ̀. Ẹ fi irin kékeré tó bá ìgò wá tú píìnì jáde. Afẹ́fẹ́ lè ta píìnì náà sọnù, iyanrìn ò sì ní dá a padà fún yín, nítorí náà ẹ fi ọwọ́ kejì bò ó. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tú tán. Ẹ mi ìgò dáadáa, ẹ mì í tún un mì, torí pé fọ́nrán máa ń sọ̀kalẹ̀ sídìí ìgò, tí ẹ kò bá sì mì í, omi lásán ló máa wọlé. Ẹ so rọ́bà rẹ̀ mọ́ fáàfù kí ẹ sì rọra fún un.

Bó ṣe yẹ kó pọ̀ tó wà lára ìgò, ẹ kà á. Fún irú táyà tí Boxer ń lò, nǹkan bíi mílílítà 240 sí 300 ló máa ń tó lẹ́yìn, ti iwájú kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má sọ pé bí ó bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ á tún dára sí i. Tó bá pọ̀ jù, yóò máa gbá kiri nínú táyà, ọ̀kadà á sì máa gbọ̀n lọ́wọ́ yín tí ẹ bá sáré. Ẹ dá píìnì padà, kí ẹ fẹ́ ẹ: géèjì 25 níwájú, 28 lẹ́yìn tí ó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan, 32 tí ẹ bá gbé èrò. Lẹ́yìn náà, ẹ gùn ún fún kìlómítà díẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà kí oje náà lè tẹ́ yí ká. Ẹni tó bá dà á tán tó wá gbé ọ̀kadà sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, ìdí táyà ni gbogbo rẹ̀ máa jókòó sí.

Ẹ fi bírò tí kì í tètè pa rẹ́ kọ ọjọ́ tí ẹ dà á sára rímù. Lẹ́yìn ọdún 2, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e mọ́.

Tó bá jò lójú ọ̀nà

Bí síláǹtì bá ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ẹ wá rí ìṣó, ẹ fi pínláyà yọ ọ́. Nínú táyà tí kò ní túùbù, àwọn kan máa ń fi ìṣó sílẹ̀ títí wọ́n á fi dé ọ̀dọ̀ fọ́kànáísà, ó sì lọ́gbọ́n nínú. Nínú túùbù, ìṣó tí ẹ bá fi síbẹ̀ ń gé túùbù lọ ni. Bí ẹ bá ti yọ ọ́, kíá, ẹ yí táyà kí ojú ihò náà wà nísàlẹ̀ pátápátá, kí oje lè ṣàn bò ó. Ẹ dúró díẹ̀, ẹ fi póm̀pù fẹ́ ẹ, kí ẹ gùn ún. Tí ẹ bá rí oje tó ń yọ lójú ihò, tó sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ti mú nìyẹn.

Bí kò bá sí nǹkan nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó jẹ́ pé agolo lẹ ní lọ́wọ́, ẹ sọ èrò àti ẹrù kalẹ̀ ná. Ẹ gbé táyà kúrò nílẹ̀, ẹ yọ ohun tó gún un, ẹ mi agolo, kí ẹ so ó mọ́ fáàfù kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ títí inú rẹ̀ á fi gbẹ. Tí ó bá dúró, ẹ gùn ún díẹ̀ láìgbé ẹnikẹ́ni, ẹ má sáré ju 50 lọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ dúró kí ẹ fi géèjì wò ó. Bí ó bá ti lọ sílẹ̀ gidigidi, ẹ má ṣe fi agolo kejì ṣòfò. Ihò náà ju agbára rẹ̀ lọ.

Táyà iwájú ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi. Bí ti ẹ̀yìn bá tú lójijì, ọ̀kadà á máa jó, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gùn lè mú un dúró. Bí ti iwájú bá tú, ọwọ́ á já gbà, ilẹ̀ lẹ ó bá ara yín. Ẹ má gbé èrò sórí táyà iwájú tí síláǹtì ṣẹ̀ṣẹ̀ dí lójú ọ̀nà. Bí ìyá ẹlẹ́ja bá tilẹ̀ ń bẹ̀ yín, tó ní ọjà òun á bàjẹ́, ẹ sọ fún un pé, “Ìyá, ẹ máa bínú, ẹ jẹ́ á pe ọlọ́kadà mìíràn fún yín.” Àwọn ọmọ ẹni tí ẹ gbé ń retí rẹ̀ nílé.

Ẹ sọ fún fọ́kànáísà

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ fọ́kànáísà wa fi ń lẹ túùbù, iná ló wà níbẹ̀. Wọ́n á ha ojú ihò, wọ́n á gé rọ́bà tútù lé e, wọ́n á fi irin ìfúnmọ́ há túùbù náà mọ́ abẹ́ pístìnì ẹ́ńjìnì àtijọ́, wọ́n á bu epo díẹ̀ sínú pístìnì náà, wọ́n á sì ṣáná sí i. Ooru á wọnú rọ́bà tútù náà, rọ́bà náà á sì di ọ̀kan náà pẹ̀lú túùbù. Iṣẹ́ tó dára ni, ó sì máa ń pẹ́ ju èyí tí wọ́n fi sólúṣọ̀n lẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí Charles Goodyear ti rí i ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1839 pé ooru àti imí-ọjọ́ ló ń sọ rọ́bà di alágbára ni ọgbọ́n yìí ti wà láyé.

Ṣùgbọ́n gáàsì tí wọ́n fi ń ti oje jáde nínú agolo, nínú ọ̀pọ̀ wọn, irú gáàsì tí a fi ń dáná nílé ni. Ó wà nínú túùbù tí ẹ gbé wá. Bí fọ́kànáísà bá tú u lẹ́gbẹ̀ẹ́ pístìnì tó ń jó, iná lè gbà á lójú. Nítorí náà ni fọ́kànáísà tó mọṣẹ́ fi máa ń kọ́kọ́ béèrè.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò da nǹkan kan sínú táyà yìí?”

“Mo fín agolo sí i lọ́nà Ararọ̀mí.”

“Ó dáa tí ẹ sọ ọ́. Ẹ jẹ́ á gbé e sọ́hùn-ún ká tú afẹ́fẹ́ ẹ̀ ná.”

Bí kò bá béèrè, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín pé ẹ kò kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Kí ẹ tú u sójú atẹ́gùn, jìnnà síná àti sìgá, kí ẹ yọ túùbù, kí ẹ fi omi tí kò níyọ̀ fọ oje náà kúrò tinú-tòde, kí ẹ nù ún kó gbẹ. Ibi tí síláǹtì bá ṣì wà, rọ́bà tí ẹ bá lẹ̀ mọ́ ọn kò ní mú. Ohun tó sì ń fa ìjà láàárín ọlọ́kadà àti fọ́kànáísà jù nìyẹn: wọ́n lẹ̀ ẹ́ lówùúrọ̀, ó ṣí ní ọ̀sán, oníkálukú ń dá ẹnì kejì lẹ́bi.

Táyà fúnra rẹ̀

Síláǹtì kò lè sọ táyà tó ti gbó di tuntun. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ní ìparí àwọn lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin kan wà nínú àpótí kékeré. Bí ẹ bá rí 2321, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2021 ni wọ́n ṣe é. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kò fẹ́ kí á máa lo táyà tó ti kọjá ọdún 4, ẹ sì fi ìyẹn sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń ra tòkúnbọ̀. Nígbà kan, àwa náà ń ṣe táyà lórílẹ̀-èdè yìí. Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní 2007, Dunlop dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní Ìkejà ní 2008. Rọ́bà ṣì ń ṣàn lára igi ní apá ibí yìí, táyà tí a ń fi owó ńlá rà sì ń ti òkèèrè wọlé. Ó ń ká mi lára. Títí tí ìyẹn yóò fi yí padà, ẹ kíyè sí ohun tí ẹ ń rà, torí pé táyà tí ojú rẹ̀ bá ti tẹ́, ẹ̀gún ọ̀pẹ lásán á gún un kọjá.

Ohun tó yẹ kó wà nínú báàgì

Póm̀pù ọwọ́ tàbí ti ẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí ẹ tó ra síláǹtì. Síláǹtì tí kò ní póm̀pù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò lè gbé yín délé. Géèjì kékeré, píìnì fáàfù méjì, pínláyà, irin ìtú táyà méjì, àti túùbù tuntun kan tí ẹ fi ọ̀rá wé dáadáa kí iyọ̀ má baà dé ara rẹ̀. Bí owó kò bá tó fún gbogbo rẹ̀, mo fẹ́ kí ẹ ní póm̀pù àti túùbù ju kí ẹ ní agolo méjì lọ.

Agolo kò gbọ́dọ̀ wà nínú oòrùn, kò sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì tàbí páìpù èéfín. Bí ẹ bá dé èbúté Igbókòdá tí ẹ fẹ́ gbé ọ̀kadà wọnú ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìsàlẹ̀, ẹ yọ agolo náà kúrò nínú báàgì kí ẹ tó gbé ọ̀kadà fún àwọn ọmọ ọkọ̀. Wọn kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ lẹ́bàá kẹ́ẹ̀gì epo ẹ́ńjìnì ni wọ́n sì sábà máa ń ju báàgì sí. Ẹ gbé e lọ́wọ́, kí ẹ jókòó síwájú, lábẹ́ òjìji bí ó bá wà.